Ìdí tí ọlọ́jà tó ń jèrè kì í fi í rówó rajà: ohun tí ẹsẹ̀ sárésáré lè fi yé wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí ní Adó-Èkìtì, kó lọ dúró sí Ọjà Ọba, nígbà tí oṣù bá ti ń parí lọ, kó máa wo ọwọ́ àwọn tó ń rajà. Ẹni tó ra kóńgò ìrẹsì mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ oṣù ti ń ra ẹyọ kan. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ kí ẹlẹ́gùúsí kú ọjọ́ mẹ́ta, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè ìyá, á tún yin gèlè, kí ọ̀rọ̀ tó wá délẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ná, owó oṣù ò tíì wọlé." Láti ọdún 1996 tí Adó ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ti di òjò tí ọjà ń retí. Bó bá pẹ́ kó tó rọ̀, ìwé gbèsè ló máa ń nípọn.

Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ ń tà, tí èrè sì wà lórí gbogbo ohun tó ń tà, lè jí lọ́jọ́ ọjà kan kó má rí owó tó máa fi ra òmíràn. Àwọn aládùúgbò á ní ayé ló ṣe é. Èmi ò lè sọ ti ayé. Ṣùgbọ́n mo mọ ibòmíì tí irú nǹkan yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti wò ó fínnífínní: inú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní marathon.

Kìlómítà 42.195 ni eré náà. Ó sún mọ́ kéèyàn sáré láti Adó dé Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, tí wọ́n ti sá àkọ́kọ́ irú èyí tí Èkó ń ṣe báyìí láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè dé Eko Atlantic, ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe eléré ìdárayá pàápàá ti ń dán ara wọn wò níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ti sá a rí pé ibo ló ti le jù. Kò ní sọ pé ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní sọ pé àárín. Á ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 35 ni, níbi tí ẹsẹ̀ ti ṣàdédé di òkúta, tí ojú ń ṣú, tí ọmọdé tó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọjá rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Inú àpò méjì ni ara ti ń náwó. Àkọ́kọ́ ni glycogen, ìyẹn ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ látinú iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì tí a jẹ. Kò pọ̀. Lára ẹni tó jẹun kánú, nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500 ni, agbára inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kálórì 2,000 lọ. Ẹni tó wọn kílò 70 máa ń ná nǹkan bíi kálórì 70 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá sá. Ẹ pín in wò, ẹ ó rí i pé àpò yìí nìkan kò lè gbé e dé ilé. Àpò kejì ni ọ̀rá. Èyí pọ̀ jaburata: ẹni tó gbẹ bí igi pàápàá ní ju kálórì 50,000 lọ lára, èyí tó lè gbé e láti Adó dé Èkó kó sì tún ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yá. Ó ń pẹ́ kó tó tú, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ju ṣúgà lọ kó tó mú ìwọ̀n agbára kan náà wá. Bí èèyàn bá ń rìn, tàbí tó rọra ń sáré, ọ̀rá lè gbé apá tó pọ̀ nínú ìnáwó náà. Bí eré bá ti ń yá sí i, ṣúgà ni ara á yà sí, torí òun ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Bí ṣúgà bá wá tán, olówó lẹni náà ṣì jẹ́. Kò kàn rówó ná ni.

Àwọn ọlọ́jà ní orúkọ fún àpò àkọ́kọ́ yẹn: owó ọwọ́. Èkejì ni ọjà tó ṣì wà lórí àtẹ, àti owó tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦100,000 ni ojú owó obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì, tó ń jèrè ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ọjà ọrọọrún ló ń ná, bẹ́ẹ̀ ọrún tiwa, torí pé a máa ń ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin ni lójú kàlẹ́ńdà, tó fi jẹ́ pé ó lé ní ẹ̀ẹ̀meje lóṣù tí owó rẹ̀ ń yí. Bó bá ń gbowó lọ́wọ́, èrè oṣù kan á lé ní ₦35,000, kò sì tíì fọwọ́ kan ojú owó. Ká wá ní nínú gbogbo ₦100 tó tà, ₦40 wà láwìn. Lọ́jà àkọ́kọ́, ó ta ₦105,000, ó mú ₦63,000 relé. Ìyẹn ló fi rajà kejì, ó tà á ní ₦66,150, ₦39,690 ló sì dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjà kẹta fi máa tú, ó ku ₦25,000 àti náírà mélòó kan. Ẹ ṣí ìwé rẹ̀ wò: èrè rẹ̀ ti lé ní ₦10,000, kò pàdánù kóńgò kan. Ṣùgbọ́n ₦85,000 rẹ̀ wà nínú ìkòkò àwọn ẹlòmíì, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán. Kìlómítà 30 tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ nílẹ̀ wa ni àwọn Òṣómààló. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, tí wọ́n ń kó aṣọ láti ìlú dé ìlú, láti Èkìtì dé Àkókó, títí dé ilẹ̀ Nupe, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá. J. D. Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà, tó jáde lọ́dún 1983. Àwìn ni wọ́n ń ta aṣọ: àgbẹ̀ á san díẹ̀, á gbé aṣọ lọ, á sì san ìyókù bó bá rówó. Bí àkókò bá pé tí kò rí i san, oníṣòwò náà á wá sí ojúlé rẹ̀, á sì lóṣòó síbẹ̀: òṣó ni òun máa ló títí owó òun á fi jáde. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Àwọn àgbà kan ní Èkìtì kì í fi ẹ̀rín rántí wọn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣòwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi iye ọjọ́ tí wọ́n máa dúró kún iye aṣọ, wọ́n mọ ìgbà tí owó máa ń wọlé fún àgbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé lílóṣòó ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹlẹ́gùúsí tó ń tà láwìn lónìí ń tà á ní iye owó ọwọ́, ojú sì ń tì í láti béèrè.

   

Ọdún 2023 kọ́ gbogbo ọjà Nàìjíríà lẹ́kọ̀ọ́ owó ọwọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Báǹkì Àpapọ̀ ti kéde lóṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé òun máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, owó àtijọ́ ti wọ báǹkì, tuntun kò jáde tó. Èèyàn ní owó nínú àkáǹtì, kò rí ₦500 fi ra ata. Àwọn oní-POS wá di ẹni tó ń ta owó fún olówó. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá a pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná. Kò sẹ́ni tí ọrọ̀ rẹ̀ dín lóṣù Kejì yẹn lórí ìwé. Ìlú kàn ní ọ̀rá láìní ṣúgà ni.

Báwo wá ni àwọn sárésáré ṣe ń ṣe é? Wọn kì í fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe fújà. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ní Vienna, Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, sá gbogbo kìlómítà 42.195 náà láàárín wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ eré tó yá jù lágbàáyé, torí sárésáré 41 ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti máa dí atẹ́gùn fún un. Àáró gidi nìyẹn. Ohun tó wú mi lórí ju àáró náà lọ ni bí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ṣe jọra wọn: nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 50, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú ìgbáradì sì rèé, ọ̀pọ̀ eré tí irú wọn ń sá ló rọra lọ. Eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó gùn ló ń mú kí mitochondria, ìyẹn àwọn ibi ìdáná kéékèèké inú iṣan, pọ̀ sí i, tí ara fi ń kọ́ bó ṣe máa sun ọ̀rá nígbà tí eré bá le pàápàá, kí ṣúgà lè pẹ́ lápò.

Nínú eré tó ń lọ bákan náà yẹn, àjọ ni mo máa ń rí. Alájọ ń gba iye kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ọjà dùn àti ọjọ́ tí kò dùn, ó ń fàmì sí káàdì, ó sì ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ojú báǹkì wò ó, òmùgọ̀ ni ẹni tó ń dá a: owó rẹ̀ kò bí èlé, ó tún ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rà kì í ṣe èlé. Ó ń ra ẹni tí kò ní jẹ́ kó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ṣe aṣọ ẹbí.

Alájọ tí orúkọ rẹ̀ di òwe ni Alphaeus Taiwo Olunaike, tí wọ́n bí ní 1915, tó sì kú ní 2012. Òun ni Alájọ Ṣómólú. "Orí ẹ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò mẹ́ta, tó fi ra kẹ̀kẹ́ kan." Ọ̀pọ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rín: kí gan-an ni iṣẹ́ mi ń fẹ́? Àdúgbò tóóró, oníbàárà púpọ̀, owó kéékèèké, ojoojúmọ́. Mọ́tò ń jẹ epo, kì í wọ kọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn lè ta ohun tí aráyé ń bọlá fún, kó ra èyí tí iṣẹ́ ń fẹ́.

Irú ojú yẹn ni mo gbà yín níyànjú láti gbé wọ Ọjà Ọba lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè. Ẹ wo ẹni tó ń tà láwìn àti ẹni tí kì í tà. Aláṣọ lè ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, ẹ ó san án díẹ̀díẹ̀, torí aṣọ tó kù sílé kì í jẹrà. Oníṣu ń wo oṣù: kí iṣu tuntun tó dé ni iṣu àtijọ́ ń gbówó lórí jù, bó bá sì dé tán, ẹni tó há iṣu àtijọ́ mọ́lé ti há ọ̀rá mọ́lé. Ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́tòmátò nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Èyí tó tà ní ₦1,000 láàárọ̀, á ní kẹ́ ẹ mú ₦600 wá. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, á tún fi èènì méjì lé e. Ó mọ iye tó rà á, ó mọ̀ pé òun ti wọlẹ̀ lórí ìyẹn. Á di owó náà mọ́ etí ìró, á da àpò bo àtẹ, á sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni ọkọ̀ tòmátò máa já lọ́la.