Ṣé O Mọ̀? Bí Irọ́ Ṣe Ń Dé Orí Fóònù Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé omi iyọ̀ pa èèyàn ní Nàìjíríà lọ́dún 2014? Ọjọ́ 20 oṣù Keje ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Oṣù Kẹjọ ò tíì rìn jìnnà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi gba ìlú kan lóru: kí kálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀, àrùn náà ò ní lè ràn án. Mo rántí òru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló pè, ohùn wọn ń gbọ̀n. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, màmá mi ti tan sítóòfù. Gbogbo iyọ̀ inú agolo ni wọ́n dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ń jí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi tó kéré jù ló kọ́kọ́ wẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń dà wọ́n láàmú. Kí oṣù náà tó tán, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, èèyàn 2 ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Èèyàn 8 ni Ebola fúnra rẹ̀ pa ní gbogbo Nàìjíríà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti wọn eré irọ́ àti òótọ́ wò? Soroush Vosoughi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, tọpa ìròyìn bí 126,000 tó jà ràn-ìn lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2018 ni pé àkókò tí òótọ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500 tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí irọ́ ń lò. Wọ́n yọ iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì kúrò nínú ìṣirò, àbọ̀ náà ò yí padà. Ọwọ́ èmi àti ìwọ ló ń gbé e kiri.

Irọ́ tún ń bọ́ àwọn kan. Ní Veles, ìlú kékeré kan ní Àríwá Masidóníà, àwọn ọ̀dọ́ dá ojúlé ìròyìn tó lé ní 100 sílẹ̀ nígbà ìbò Amẹ́ríkà ti 2016. Kò kan púpọ̀ nínú wọn bóyá Trump ló wọlé tàbí Clinton. Bí èèyàn bá ti ń ya ojúlé wọn, owó ìpolówó ọjà ń wọlé. Bí àkọlé kan bá bí ọ nínú, béèrè ẹni tí ìbínú rẹ ń pa owó fún.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní Yunifásítì Stanford, Sam Wineburg àti Sarah McGrew kó ojúlé ayélujára síwájú ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ 25 àti èèyàn 10 tí yíyẹ òótọ́ ìròyìn wò jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojúlé náà, wọ́n ń kà á látòkè délẹ̀. Àmì tó dára àti orúkọ tó dún bíi ti àjọ ńlá sì tan púpọ̀ nínú wọn. Kíá ni àwọn ayẹ̀ròyìnwò fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ wádìí níbòmíràn ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà wa mọ ọgbọ́n yìí. Tí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, wọn kì í bi ọkọ ìyàwó léèrè ìwà ara rẹ̀. Àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní èyí níléèwé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ní Nàìjíríà, àjọ Dubawa ti ń ṣe iṣẹ́ yíyẹ òótọ́ ìròyìn wò láti 2018.

Ṣé o ti rí ọfà méjì lókè ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp rí? Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ márùn-ún, ó kéré tán, kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lóṣù Kẹrin 2020, wọ́n ṣe é pé ibi kan ṣoṣo lèèyàn lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ sì fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ṣé o sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ́ ló ń pín irọ́ jù? Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí ìbò Amẹ́ríkà ti 2016 fi hàn pé èyí tí àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65 pín lórí Facebook fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti àwọn ọ̀dọ́. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó mọ fóònù tẹ̀, bí bàbá tàbí màmá rẹ bá fi ọlọ́fà méjì sínú gúrúùpù ẹbí, má ṣe dójú tì wọ́n lójú gbogbo èèyàn. Pè wọ́n, kí wọn dáadáa, kí o wá fi ibi tí o ti wádìí hàn wọ́n.