Gìrì Tí Kì Í Ṣe Ti Ibà

Bí gìrì bá mú ọmọ lóru, gbogbo ilé ló ń jí. Ẹnì kan á sáré mú ṣíbí láti fi la eyín rẹ̀, ẹlòmíì á máa wá àdín, àgbà kan á sì ní kí wọ́n bu ìtọ̀ màlúù wá. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, torí òun ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ìyá Gorakhpur, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh lórílẹ̀-èdè Íńdíà, mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń fa gìrì níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ̀fọn tó ń pamọ sínú omi oko ìrẹsì ni. Lára ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn ẹyẹ etí omi, ìbátan lékeléke, ló ti ń kó fáírọ́ọ̀sì Japanese encephalitis. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kó o kì í tilẹ̀ mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló ń ṣe lọ́ṣẹ́ gan-an, tí ọpọlọ rẹ̀ á wú. Nígbà òjò ọdún 2005, àrùn náà pa èèyàn tó ju 1,000 lọ lágbègbè náà, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Iṣẹ́ dókítà ni kó di ẹ̀mí ọmọ mú títí ara rẹ̀ yóò fi borí àrùn náà. Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ tàbí èébì má bàa bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì dúró. Wọ́n á gún un níka, wọ́n á wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè fa gìrì fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé orí ibùsùn sókè díẹ̀ nítorí ọpọlọ tó wú, agbárí kò sì ṣe é fẹ̀. Títí èsì àyẹ̀wò omi ọ̀pá ẹ̀yìn yóò fi dé, wọ́n á ti máa fún un ní oògùn àwọn àrùn mìíràn tó ṣe é wò.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ló jọ mí lójú jù. Lọ́dún 2006 ni Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára; àrùn náà rọlẹ̀, síbẹ̀ gìrì ò tán. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wá ìdí rẹ̀ kiri, wọ́n rí i pé scrub typhus ló ń mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Kòkòrò tíntìntín inú igbó ló ń gbé e, oògùn doxycycline tàbí azithromycin, tí kò wọ́n, sì ń wò ó bí wọ́n bá tètè lò ó.

Ká tètè lò ó: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba ṣí ibi ìtọ́jú sí àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko, kí ìyá má bàa rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọmọ tí gìrì mú. Láti 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bẹ àwọn òbí pé bí ara ọmọ bá gbóná, kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó yè ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le gan, tí òmíràn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa na ẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́, tí yóò tún kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbé oúnjẹ mì.