Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Tàbí Òṣìṣẹ́?

Eyín jíà ni Josiah Willard Gibbs fi gba oyè PhD ní Yunifásítì Yale lọ́dún 1863: ó wádìí bí ó ṣe yẹ kí eyín náà rí kí jíà méjì tó lè máa gbé ara wọn yí láì há. Òun ló kọ́kọ́ gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Ní Jámánì, ó di 1899 kí Ọba Wilhelm Kejì tó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ Prussia, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba abẹ́ Jámánì nígbà náà, láṣẹ láti máa fi ènìyàn jẹ Dr.-Ing. (dókítà ẹnjiníà). Àwọn yunifásítì àtijọ́ ta kò ó gidigidi. Nígbà tí àṣẹ náà jáde, èdè Jámánì ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi kọ oyè náà, kí ó má baà jọ oyè àwọn yunifásítì àtijọ́ tí wọ́n ń fi Látìn kọ.

Títí dòní, ọ̀nà méjèèjì kò jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Amẹ́ríkà ń gbà. Ẹni tí kò ní ju dìgírì àkọ́kọ́ lọ lè wọlé. Yóò jókòó sí kíláàsì, yóò ṣe ìdánwò kan tó ń já ọ̀pọ̀ láyà, torí ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ lè fi mástà lásán padà sílé. Ẹni tó bá yege ló ń gbájú mọ́ ìwádìí, lábẹ́ ìgbìmọ̀ olùkọ́.

Òṣìṣẹ́ ni Jámánì sábà máa ń gbà. Ẹni tó ti ní mástà á tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, á máa gba owó oṣù, ìjọba á máa yọ owó orí níbẹ̀. “Baba dókítà” ni wọ́n ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà lédè wọn, orúkọ náà sì rò ó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé wá, bí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ẹwìrì fún ọ̀gá. Ibẹ̀ ni ewu wà: iṣẹ́ ọ̀gá lè bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ọdún mẹ́rin á di mẹ́fà. Bí àárín wọn bá sì dàrú, kì í rọrùn láti rí ẹlòmíì sá bá.

Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ti mọ ohun tó fẹ́ wádìí, Jámánì ni mo ní kó gbà lọ. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ti bímọ yẹ lẹ́ni tí à ń san owó iṣẹ́ fún. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, kíláàsì Amẹ́ríkà á là á lójú.

Ní Jámánì, lọ́jọ́ tí ẹni tó ń wá oyè náà bá dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti fi páálí ṣe fìlà onígun mẹ́rin, wọ́n á lẹ nọ́ọ̀tì, wáyà àti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dé e sí i lórí. Ṣùgbọ́n kò tíì lè kọ Dr.-Ing. síwájú orúkọ rẹ̀, àfi ìgbà tí ó bá tẹ ìwé ìwádìí náà jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.