Ìlò Mákírò fún Títẹ Orúkọ Yorùbá Nínú Excel

Nínú Excel ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń to orúkọ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ sí. Nítorí pé kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, ọ àti ṣ, Ṣẹ́gun a máa di Segun; bẹ́ẹ̀ àwa kan náà ni à ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi àmì sọ́rọ̀.

Mákírò ni àkójọ àṣẹ tí a fi èdè VBA kọ fún Excel. Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà darí ohun tí à ń tẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni OnKey, tí ó ń so bọ́tìnnì mọ́ mákírò. Àléébù rẹ̀ ni pé mákírò kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú àpótí. Gbogbo ìwé Excel tí ó wà ní ṣíṣí ni ó sì ń kàn. A gbọ́dọ̀ dá bọ́tìnnì náà padà sí ipò rẹ̀ kí a tó pa ìwé wa dé.

Ọ̀nà kejì, tí ó sàn jù, ni Worksheet_Change. Ó ń dúró títí a ó fi tẹ Enter, yóò wá sọ àmì tí a yàn di lẹ́tà: S/e/gun yóò di Ṣẹgun. Nọ́ńbà Unicode ni à ń kọ sínú mákírò: ChrW(7865) fún ẹ, ChrW(7885) fún ọ, ChrW(7779) fún ṣ. Ẹyọ kan ni a ó yọ kúrò fún lẹ́tà ńlá. Bí ChrW(769) bá tẹ̀lé lẹ́tà, àmì ohùn òkè nìyẹn. Òpó orúkọ nìkan ni kí a fi mọ, kí ó má baà ba fọ́múlà jẹ́. Nípa báyìí, orúkọ tí òbí sọ ọmọ ni yóò wà nínú ìwé èsì rẹ̀.