Àgàn ní Ìlú Ìbejì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀ Nípa Ilé Ẹyin

Ẹni tí ó bá wọ Igbó-Ọrà yóò rí àkọlé tí ó ń kí i káàbọ̀ sí ìlú ìbejì. Àwọn ará ìlú a sì máa wí pé, ó ṣòro láti rí agbo ilé kan tí a kò ti í pe Táyé àti Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n nínú ìlú yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Erúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan, ni àwọn obìnrin wà tí wọ́n ti lọ́kọ fún ọdún méje, fún ọdún mẹ́wàá, tí ọmọ kò sì ké rí nínú yàrá wọn. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bí méjì lẹ́ẹ̀kan, ìbànújẹ́ ẹni tí kò rí ọ̀kan a máa pọ̀ sí i. A ó pè é wá se ẹ̀wà ìbejì, yóò sì bá wọn gbé ọmọ jó. Bí ó bá padà sílé, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, àti nítorí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, ni ó ṣe yẹ kí a fi ara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ìbejì ti ń wá

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera kan ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Ní àwọn ọdún náà ni Dókítà P. P. S. Nylander ka iye ìbí tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó rí i pé nínú ìbí 1000, bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju bí 12 lọ. Ìbejì tí ó jọra bí ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹyin kan là sí méjì, kò pọ̀ ní Igbó-Ọrà ju ibòmíràn lọ. Èyí tí ó pọ̀ ni ti ẹyin méjì tí ó jáde lóṣù kan náà. Nylander tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì wò, ó sì rí i pé ohun tí ń jí ẹyin, tí orí ń rán sínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ nínú tiwọn. Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni ó fà á, ṣùgbọ́n kò tí ì sí ẹ̀rí tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀.

Àká tí kì í gba irúgbìn tuntun

Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹyin méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì ilé ọmọ. Ọkùnrin a máa ṣe irúgbìn tirẹ̀ lójoojúmọ́, bí àgbẹ̀ tí ń kórè lọ́dọọdún. Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọbìnrin ni gbogbo ẹyin rẹ̀ ti wà nínú àká, bí mílíọ̀nù kan sí méjì. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan oṣù, ó ti dín kù sí bí 300,000 tàbí 400,000. Nínú gbogbo wọn, bí 400 sí 500 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde. Àwọn ìyókù a máa kú díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí ọmọ àádọ́ta ọdún, àká náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nǹkan oṣù a sì dúró.

Àwọn obìnrin kan wà tí àká wọn tètè ṣófo. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, ó kéré tán ọ̀kan ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí kí ó tó pé ogójì ọdún. Àbímọ́ni ni fún àwọn kan. Fún àwọn mìíràn, iṣẹ́ abẹ tàbí oògùn jẹjẹrẹ ni. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, a kì í rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹyin wọn pọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gbó. Àwọn wọ̀nyí ni oògùn oníhóró lábẹ́ ìtọ́jú dókítà sábà máa ń ràn lọ́wọ́.

Ìtọ́jú tuntun tí ìró rẹ̀ ti kan

Ara ènìyàn ni a fi ohun kéékèèké kọ́, tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Púpọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, nínú mùdùnmúdùn egungun àti nínú ìwọ́ ọmọ tuntun, tí wọ́n lè bí irú mìíràn, tí wọ́n sì ń ran ibi tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn onímọ̀ wá béèrè pé: ṣé irú sẹ́ẹ̀lì yìí lè jí ilé ẹyin tí ó ti sùn?

Ní 2018, àwọn dókítà ní Nanjing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ròyìn pé àwọn fi sẹ́ẹ̀lì inú ìwọ́ sí ilé ẹyin obìnrin 14. Àwọn kan nínú wọn lóyún. Ní ọdún náà pẹ̀lú, ní Valencia, ní ilẹ̀ Sípéènì, a lo sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun obìnrin 17 fún àwọn fúnra wọn. Oyún márùn-ún ni ó ti ibẹ̀ wá. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni. Ẹyin tí ó ṣẹ́kù nínú àká ni a rò pé irú ìtọ́jú yìí ń jí. Ní ti ṣíṣe ẹyin tuntun, Jonathan Tilly ní Boston kéde ní 2004 pé ilé ẹyin eku lè ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Stockholm wá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú obìnrin, tí wọ́n sì kọ èsì wọn ní 2020, wọn kò rí i. Ní 2023, ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọ bíbí ti Yúróòpù, gbà á nímọ̀ràn pé kí a má tí ì fi sẹ́ẹ̀lì ṣe ìtọ́jú gbogboògbò fún ilé ẹyin.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún tọkọtaya pé kí wọ́n ta oko ẹ̀gẹ́ wọn kí òun lè fún ìyàwó ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí kì í tàsé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í pé: obìnrin mélòó ni ó ti gbà á? Mélòó ni ó bímọ? Ìgbìmọ̀ wo ni ó fọwọ́ sí i? Ìwádìí tòótọ́ kì í sábà gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a ń dán oògùn wò lára rẹ̀.

Ohun tí ó ti fìdí múlẹ̀

Kí ọkọ àti aya jọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ní bí ìdajì ilé tí kò rí ọmọ, ọkùnrin ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Yíyẹ àtọ̀ wò rọrùn ju ohun tí a ó ṣe fún obìnrin lọ. Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, kí wọ́n lọ. Bí obìnrin bá ti ju ọdún 35 lọ, kí wọ́n má dúró ju oṣù mẹ́fà.

Kí a tètè tọ́jú àtọ̀sí, tọkùnrin tobìnrin, nítorí àìsàn yìí a máa dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà dídí yìí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di àgàn. Kí a má sì ti egbòogi tàbí álọ́ọ̀mù bọ ojú ara.

Bí nǹkan oṣù bá dúró fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kì í ṣe oyún, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ilé ẹyin wọn tètè rẹ̀, bí márùn-ún sí mẹ́wàá a ṣì máa lóyún fúnra wọn. Oògùn wà pẹ̀lú tí yóò dáàbò bo egungun wọn.

Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí àwọn òbí béèrè ṣáájú bí a ṣe lè pa ẹyin rẹ̀ mọ́. Ní Brussels, a gé díẹ̀ nínú ilé ẹyin obìnrin kan ní 1997, a sì mú un dì bí yìnyín. A dá a padà sí ara rẹ̀ ní 2003, ó sì bí ọmọbìnrin ní September 2004.

Fún àwọn tí ọ̀nà ẹyin wọn dí, a lè mú ẹyin jáde, kí a pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ nínú àwo, kí a sì gbé e sínú ilé ọmọ. Louise Brown ni àkọ́kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ní England, ní 1978. Ní Èkó, ní LUTH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ṣe é yọrí ní 1989. Owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọrí ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n iye tí ó ń yọrí hàn gbangba.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ìyá ọkọ dákẹ́ ẹ̀gàn, kí ọkọ di ọwọ́ aya rẹ̀ mú, kí àwọn méjèèjì sì jọ gba ọ̀nà ilé ìwòsàn kí àkókò tó kọjá.