OÚNJẸ GBÍGBẸ: OÒRÙN NÌKAN KÒ TÓ

Ẹ̀yin ìyá ilé, bí ààwẹ̀ bá ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lọ ra ẹ̀wà, èlùbọ́, orúnlá àti ẹja gbígbẹ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kí ó tó wọ́n. Ríra kò ṣòro bí kò ṣe pípa á mọ́ kí ó má bàjẹ́.

Sísá sí oòrùn kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ìgbà òjò. Ilá àti ata tí a gé wẹ́wẹ́ a máa yá gbẹ. Iṣu ní tirẹ̀, òde rẹ̀ lè le koko kí inú rẹ̀ sì tutù. Ẹ gé e ní tínrín, kí ẹ sì sá a sórí ẹní, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ pé èyí tí kò bá gbẹ dénú yóò bu nínú àpò.

Ẹja kò ṣe é fi lé oòrùn lọ́wọ́ ní ìgbà òjò. Iná àti ẹ̀fín ni ó yẹ ẹ́, kí a sì máa dá a padà sórí iná díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Lójú tèmi, gàrí ni ó rọrùn jù láti tọ́jú, nítorí a ti yan án gbẹ kí ó tó dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni ó ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Májèlé ni, fífọ̀ àti sísè kì í sì í mú un kúrò tán. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní ọdún 2015.

Èyí tí ó bu náà léwu, nítorí májèlé inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ni àgbàdo tí a kó pamọ́ ní tútù dá lórí àìsàn. 125 nínú wọn kú. Ẹ má ṣe gbọn èbu dànù kí ẹ sì sè é fún ọmọ.

Láti mọ̀ bóyá àgbàdo tàbí ẹ̀wà gbẹ, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ tí kò tutù, kí ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Bí kò bá lẹ̀, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Kòkòrò tí ó bá wà níbẹ̀ yóò mí atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, yóò sì kú.