Bí Pákó Tóóró Ṣe Ń Di Ojú Tábìlì

Oníbàárà tó bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó la ojú tábìlì já máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé àlẹ̀pọ̀ kọ́ lèyí?" Àlẹ̀pọ̀ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ìrókò, ọ̀gànwó àti apá tí ẹyọ pákó kan wọn tó ojú tábìlì ti di ọ̀wọ́n. Mèláínà àti tíìkì tí wọ́n gbìn là ń rí rà. Mèláínà igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, torí ilé iṣẹ́ ìwé Ìwopin ni wọ́n ṣe gbin púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ káfíńtà ló wá bọ́ sí. Igi kékeré ni wọ́n ń gé, pákó tóóró ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ gbé ìrókò fífẹ̀ wá bá mi lónìí, n ó là á kí n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ìdí ni pé bí igi ti wù kó gbẹ tó, ó ṣì ń fa omi inú afẹ́fẹ́: ó ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú rẹ̀ ni. Ìlà róbótó tí ẹ ń rí ní orí pákó, níbi tí a ti gé igi, ló ń darí rẹ̀: bó ṣe ń súnkì ní ìtẹ̀lé ìlà yẹn tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì níbi tó ti dábùú ìlà náà kọjá. Ohun tó ń jẹ́ kí pákó fífẹ̀ ká nìyẹn. Bí a bá là á, tí a to ọ̀kan kí ìlà rẹ̀ tẹ̀ sókè, kí ti ìkejì tẹ̀ sísàlẹ̀, ojú tábìlì á tẹ́.

Gbígbẹ ni olórí iṣẹ́. Fún ohun èlò inú ilé, omi inú igi kò gbọ́dọ̀ ju bí ìdá 8 sí 12 nínú 100 lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá ń lo yàrá gbígbóná láti mú igi gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó fá etí pákó títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní gba àárín méjèèjì kọjá, nítorí gọ́ọ̀mù funfun kì í dí àlàfo. A ó fi gọ́ọ̀mù pa gbogbo etí, a ó fi kíláǹpù fún un, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ wínníwínní jákèjádò ojú ìlà, ó tó. Bí a bá ṣe é dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ojú ìlẹ̀pọ̀ ni igi ti máa ń ya, kì í ṣe ojú ìlẹ̀pọ̀ fúnra rẹ̀. Orí pákó sí orí pákó ni gọ́ọ̀mù kò lè dì mú dáadáa; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e bí eyín òòyà tí wọ́n bá fẹ́ so kúkúrú pọ̀ di gígùn.

Mo ń fi pákó àlẹ̀pọ̀ ṣe tábìlì, àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn àti pẹpẹ ìwé. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ á wú, á fọ́ bí omi bá kàn án. Àlẹ̀pọ̀ ṣe é fá lọ́tun lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má kan ojú tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọingbọin o. Kí ihò sìkúrù gùn díẹ̀, kí igi ráyè rìn. Ẹ má sì gbé e síta fún òjò, àyàfi tí ẹ bá lo gọ́ọ̀mù tí omi kì í bà jẹ́.